Omidan Lucy Diggs Slowe, Ẹni Tí Ó Tọ́jú Ọmọ Ọlọ́mọ ní Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti sin ọmọbìnrin lọ sí yunifásítì rí. A ra gàárì, a ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ra àpótí oníkọ́kọ́rọ́, a gbàdúrà lé e lórí, a sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀lù. Nígbà tí a bá wá yí ẹ̀yìn padà, ta ni a fi ọmọ náà lé lọ́wọ́? A ó dáhùn pé Ọlọ́run ni, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run a máa lo ènìyàn. Ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni dínì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, pẹ̀lú àwọn alábòójútó họ́ọ̀lù àti àwọn pọ́tà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ni ó ń mójú tó ìwà ọmọ náà, ibùgbé rẹ̀, ìlera rẹ̀, àti irú ènìyàn tí yóò jẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí. A kì í sábà béèrè orúkọ wọn títí wàhálà yóò fi dé.

Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní ìgbà yìí ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùndínlógún ní Yunifásítì Howard, ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà. Lucy Diggs Slowe ni orúkọ rẹ̀. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yunifásítì náà fi jẹ dínì àwọn obìnrin. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ó ti sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lónìí yóò rí i pé ohun tí Omidan Slowe bá jìjàkadì kò tíì di ìtàn àtijọ́ pátápátá.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Berryville, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni a bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn. Ọdún 1885 ni ọ̀pọ̀ ìwé kọ sílẹ̀ fún ìbí rẹ̀. Ogún ọdún péré ni nígbà náà sí ọdún 1865 tí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú ní ilẹ̀ náà, nítorí náà àwọn àgbà tí ó yí i ká mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn ni ara ẹni. Baba rẹ̀, Henry Slowe, ní ilé àlejò kan. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí baba fi kú. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀, Fannie, náà tún kú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tirẹ̀ kò ṣófo, nítorí pé arábìnrin baba rẹ̀, Martha Price, gbà á tọ́. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ó ń gbàgbàkugbà. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ nípa ẹ̀kọ́, nípa ìsìn Ọlọ́run, àti nípa bí ọmọbìnrin ṣe gbọ́dọ̀ gbé ara rẹ̀ ga. Ìlú Lexington ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ náà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí Lucy di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó kó wọn lọ sí ìlú ńlá Baltimore, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dára fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ju ti Lexington lọ. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí obìnrin yìí díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń kọ ìtàn kì í sábà dúró ti irú rẹ̀ pẹ́. Kò lọ sí yunifásítì, kò sí ilé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ó kàn kó ẹrù rẹ̀, ó sì ṣí lọ nítorí ọmọ tí kì í ṣe òun ni ó bí i.

Ní ọdún 1904, Lucy jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní Baltimore, òun ni ó gba ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀. Yunifásítì Howard fún un ní owó ìrànlọ́wọ́ láti wá kàwé, òun sì ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ náà tí ó rí irú rẹ̀ gbà. Owó náà kò tó, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́.

Ọdún 1867 ni wọ́n dá Howard sílẹ̀, láti ọwọ́ àwọn Kristẹni kan tí wọ́n fẹ́ kí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú rí ẹ̀kọ́ gidi. Àwọn tí ó bá rántí ìtàn ìlú wa yóò mọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé Nnamdi Azikiwe náà kàwé níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920, ìyẹn ní àkókò tí Omidan Slowe wà ní ipò dínì. Ṣùgbọ́n ní 1904 tí Lucy wọlé, àwọn obìnrin kò pọ̀ níbẹ̀. Ìyá ilé kan ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Iṣẹ́ ìyá ilé náà ni kí ó mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò tì, kí ó mọ ẹni tí ó jáde àti ẹni tí ó wọlé. Ọmọbìnrin kan kò lè jáde lọ sí ìgboro láìsí pé àgbàlagbà obìnrin kan tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ti fi ara rẹ̀ gbé abẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ èyí tí ó dára níbẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ìtìjú lásán.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1908, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin díẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Howard tí wọ́n ń pè ní Alpha Kappa Alpha, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yìí dẹ́rù bà yín, ẹ̀yin ìyá. Kì í ṣe irú ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ó sọ yunifásítì wa di pápá ìjà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó ń kàwé ni, láti ran ara wọn lọ́wọ́ àti láti ṣe rere ní àwùjọ, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàrín àwọn obìnrin dúdú Amẹ́ríkà. Ó wà títí di òní. Ní ọdún kan náà ni Lucy parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ipò kìíní ni ó gbà ní kíláàsì rẹ̀.

Ó padà sí Baltimore láti kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò ìsinmi, nígbà tí àwọn olùkọ́ mìíràn ń sinmi, òun a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York, títí ó fi gba oyè kejì ní 1915. Lẹ́yìn èyí ni ó kó lọ sí Washington láti máa kọ́ni níbẹ̀. Ó tún mọ tẹ́níìsì gbá gan-an. Ní ọdún 1917, nígbà tí ẹgbẹ́ tẹ́níìsì àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ìdíje àkọ́kọ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà ní Baltimore, òun ni ó gba ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin. Kò sí obìnrin dúdú Amẹ́ríkà kankan tí ó ti gba irú ipò bẹ́ẹ̀ rí nínú eré ìdárayá kankan. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọmọbìnrin yín wí pé kí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin.

Kò lọ́kọ. Ní ayé ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, olùkọ́bìnrin tí ó bá ti ṣe ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó yan iṣẹ́ olùkọ́ mọ ohun tí wọ́n yàn. Òun àti olùkọ́bìnrin mìíràn, Mary Burrill, tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, ni wọ́n jọ ń gbé.

Ní 1919, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní Washington ní kí ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí a mọ̀ sí jùníọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì ní ilẹ̀ wa. Kò sí irú rẹ̀ fún àwọn dúdú ní ìlú náà tẹ́lẹ̀. Shaw ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, òun ni ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ni ó ń kọ́. Ó ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ pàápàá, àti dúdú àti funfun, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń bá ọmọ tí ó ń bàlágà lò. Ní ìlú tí wọ́n ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, kí àwọn olùkọ́ méjèèjì jọ jókòó sínú yàrá kan láti gba ẹ̀kọ́ tí obìnrin dúdú ṣètò kì í ṣe ohun kékeré.

Iṣẹ́ yìí ni Howard rí tí wọ́n fi wá pè é. Ààrẹ yunifásítì nígbà náà, J. Stanley Durkee, aláwọ̀ funfun ni. Ó fẹ́ kí ó wá jẹ dínì àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá gbé irú ipò bẹ́ẹ̀ wá bá wa, a ó ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ kí a tó béèrè iye owó oṣù. Omidan Slowe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ohun tí ó fẹ́ sílẹ̀ kí ó tó gbà. Ó ní òun yóò jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin ti jẹ́. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fún òun ní akọ̀wé àti ọ́fíìsì. Ó ní owó oṣù òun kò gbọdọ̀ dín sí èyí tí òun ń gbà níbi iṣẹ́ òun. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ pinnu nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ òun kọjá. Ó sì ní òun kò ní gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gbé inú họ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ kò ní pẹ́ di ìyá ilé tí ó ń ti ilẹ̀kùn. Howard gbà. Ní ọdún 1922 ni ó bẹ̀rẹ̀, ní ọdún náà ni òun àti Burrill ra ilé kan ní òpópónà Kearny, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Brookland. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé yìí sọ́kàn.

Kí ni ó wá yàtọ̀ nínú ọ̀nà tí ó gbà ṣe iṣẹ́ náà? Èrò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ni pé dínì àwọn obìnrin jẹ́ ọlọ́pàá tí ó ń wo ẹni tí aṣọ rẹ̀ kúrú, ẹni tí ó pẹ́ wọlé, àti ẹni tí ọkùnrin ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Omidan Slowe kò sọ pé kí ìwà ọmọ bàjẹ́. Martha Price kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé bí a bá ń ṣọ́ ọmọ ogún ọdún bí ẹni ń ṣọ́ adìẹ, ní ọjọ́ tí ó bá kúrò lábẹ́ wa kò ní mọ bí a ti ń ṣọ́ ara ẹni. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin kọ́ láti ṣe àkóso ara wọn. Ó ran wọn lọ́wọ́ láti ní ẹgbẹ́ tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń jókòó, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n ń yan olórí, tí wọ́n sì ń ṣe òfin tí àwọn fúnra wọn yóò tẹ̀ lé. Ó ń ṣètò orin àti ìsìn ìrọ̀lẹ́ fún wọn. Láti ọdún 1922 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ àsè alẹ́ ọdọọdún kan fún kìkì àwọn obìnrin, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ó ti jáde ti ń jẹun pọ̀. Kò sí ọkùnrin níbẹ̀ láti dìde sọ̀rọ̀ dípò wọn, nítorí náà ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò jáde rí a dìde, a sì sọ̀rọ̀. Ó ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ilé rẹ̀ ní Kearny, wọn a mu tíì nínú ọgbà òdòdó rẹ̀, wọn a sì rí bí obìnrin ọ̀mọ̀wé ti ń gbé ilé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó rí i pé iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà mọ̀ pé obìnrin lè ṣe. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan nípa iṣẹ́ mìíràn, ó sì ń gbà wọ́n níyànjú láti kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé àti ètò ìṣèlú. Ní 1933 ó kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà tí Howard ń tẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ dáadáa, bí ó tilẹ̀ ta wá létí. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó ń wá sí yunifásítì ni ó ti ilé tí wọ́n ti kọ́ wọn pé ipò ẹ̀yìn ni ti obìnrin wá, ó sì ń rò ó bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ lórí pẹpẹ ni ó fà á. Ọmọ bẹ́ẹ̀ a dé kíláàsì, kò ní lè gbé ọwọ́ sókè, kò ní lè dá ìpinnu kan ṣe, a máa dúró de ẹni tí yóò sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Kì í ṣe pé Omidan Slowe ń bá Bíbélì jà. Ó ń wo ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì ń béèrè ẹni tí ó ti ẹnu rẹ̀ pa. Èmi rò pé ó yẹ kí a dá a lóhùn.

Nígbà tí ó débẹ̀, ibùgbé àwọn obìnrin kò tó nǹkan rárá. Ọ̀pọ̀ ni ó ń gbé yàrá háyà káàkiri ìgboro. Ó rọ àwọn aláṣẹ, ó tún lọ bá àwọn tí ó ń pín owó ìjọba, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ń fún Howard ní owó púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ná. Ní ọdún 1931 ni họ́ọ̀lù tuntun mẹ́ta fún àwọn obìnrin parí. Wọ́n sọ ọ̀kan ní orúkọ Sojourner Truth, obìnrin tí a bí sóko ẹrú tí ó di oníwàásù. Wọ́n sọ èkejì ní orúkọ Prudence Crandall, obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n tì mọ́lé ní ọdún 1833 nítorí pé ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin dúdú ní ìwé, èkẹta sì ń jẹ́ Frazier. Àwọn tí ó bá mọ Họ́ọ̀lù Mọrèmi ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó mọ ohun tí orúkọ akọni obìnrin lára ilé ń ṣe fún ọmọ tí ó ń sùn níbẹ̀.

Kò fi mọ sí Howard nìkan. Ní 1923 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú tí ó gboyè yunifásítì sílẹ̀, òun ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga pé irú ẹni wo ni wọ́n fi ṣe dínì àwọn obìnrin, ṣé ó kàwé, ṣé wọ́n sì ń san owó tí ó tọ́ fún un. Ní 1929, ó pe àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú jọ sí Howard, láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1935, tí Mary McLeod Bethune, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwa, dá Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Àwọn Obìnrin Dúdú sílẹ̀ ní New York, Omidan Slowe ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Bethune ní orúkọ ju òun lọ, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Slowe ni ẹni tí ó ń kọ ìwé sílẹ̀ tí iṣẹ́ fi ń lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti ní irú méjèèjì, Ọlọ́run ti ṣe é ní oore.

Ní ọdún 1926 ni Howard ní ààrẹ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Mordecai Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe ní Howard fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó kọ́ ilé, ó kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, ilé ẹ̀kọ́ òfin tí ó tún ṣe ni Thurgood Marshall ti jáde. Ìwàásù rẹ̀ nípa Gandhi ni ó ta Martin Luther King jí nígbà tí ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ṣùgbọ́n òun àti Omidan Slowe kò rìn pọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ kan ní 1927 sì wà lára ohun tí ó dá a sílẹ̀.

Òbí kan ni ó fi ẹjọ́ wá pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń sọ ọ̀rọ̀ rírùn sí àwọn ọmọbìnrin nínú kíláàsì. Dínì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ààrẹ, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ní kí ó ṣe. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbọ́, kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ kankan. Ìwé èébú ni ó kọ sí dínì. Omidan Slowe béèrè pé kí wọ́n bá a wí gidi. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé wọ́n fún ọkùnrin náà ní àyè láti lọ kàwé sí i níbòmíràn. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà fún dínì àwọn obìnrin. Nígbà tí owó oṣù àwọn dínì ọkùnrin ń gòkè, tirẹ̀ kò bá wọn gòkè. Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ tí àwọn dínì ti ń jókòó, tí ó fi jẹ́ pé ìpinnu nípa àwọn ọmọ tí ó ń tọ́jú a máa dé etí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán.

Èwo nínú wa ni kò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ a fi ẹjọ́ sùn, àwọn àgbà a ní kí a pa á mọ́ra kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ má baà bàjẹ́, ẹni tí ó gbè sẹ́yìn ọmọ ni yóò wá di alágídí. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọdún 2020 ni Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin kan lórí àwọn olùkọ́ tí ó ń fi máàkì dẹ ọmọ ọlọ́mọ, lẹ́yìn tí ariwo rẹ̀ ti gba gbogbo ayé kan ní 2019. Obìnrin yìí ti sọ ọ́ ní Howard kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin náà.

Ní ọdún 1933, ọwọ́ kan ilé tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n ní kí Omidan Slowe kó kúrò ní Kearny, kí ó wá máa gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nítòsí àwọn ọmọ. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ ní ojú lásán, ó dà bí ohun tí ó tọ́; ta ni kò fẹ́ kí alábòójútó wà nítòsí? Ṣùgbọ́n àwọn dínì ọkùnrin ń gbé ibi tí ó wù wọ́n. Ìlérí tí Howard fi ọwọ́ sí ní 1922 ni wọ́n fẹ́ dà, ipò ìyá ilé ni wọ́n sì fẹ́ fà á padà sí. Kò pariwo ní ìgboro. Ó kọ lẹ́tà, ó sì tọ́ka sí àdéhùn. Àwọn obìnrin tí ó ti gba ọwọ́ rẹ̀ jáde dìde, wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tí ó ń darí yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní àkókò tí owó ti wọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn ń pàdánù iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí obìnrin kan dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú agbanisíṣẹ́ gba ọkàn. Kò kó kúrò. Ilé rẹ̀ ní Kearny ni ó ń gbé títí ó fi fi ayé sílẹ̀.

Ìjà yìí gba nǹkan lára rẹ̀. Ní ọdún 1937 àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, nígbà tí ó ṣì wà lórí iṣẹ́. Ó ti lo ọdún méjì lẹ́yìn àádọ́ta láyé, bí a bá ka ọdún 1885. Mary Burrill kò lè dá gbé ilé náà mọ́, ó kó kúrò níbẹ̀. Itẹ́ òkú Lincoln Memorial ní Suitland, ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n sin ín sí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ pe nǹkan, bí ó ti máa ń rí. Ní 1942 wọ́n kọ́ ilé gbígbé kan ní Washington fún àwọn obìnrin dúdú tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà ogun, wọ́n sì pè é ní Slowe Hall. Nígbà tí ó yá ó di ti Howard fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ilé òpópónà Kearny náà ṣì dúró, ní 2020 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ilé ìtàn wọn. Ní Brookland, níbi tí ó gbé, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi tì í pa ní 2008. Ilé náà kò ṣófo pẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kó wọ inú rẹ̀, orúkọ tí ó sì wà lára tirẹ̀ ni ti Mary McLeod Bethune.